Ọ̀nà Amọ̀ Tí Ọlálẹ́yẹ Sọ Di Títì Ọ̀dà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń fi fóònù wá ọ̀nà, pàápàá ẹni tó bá ní ọmọ tó fọkàn tán.

1.

Màmá Beatrice ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ìbàrà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé. Wọn kò bímọ, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ Ọlálẹ́yẹ, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn tó kú, láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí ó fi gboyè. Àwọn ni wọ́n ra fóònù àkọ́kọ́ fún un, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì mọ̀ sórí.

Ọlálẹ́yẹ ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe máàpù orí fóònù. Ọ̀kadà ló ń gùn káàkiri agbègbè Ọdẹ́dá, tó ń kọ irú ọ̀nà tó bá rí sílẹ̀: èyí ní ọ̀dà, èyí jẹ́ ilẹ̀ lásán. Ẹ mọ̀ pé máàpù kò lójú. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló fi ń ṣírò. Bí wọ́n bá ní ọ̀dà ni, yóò ní kí ọkọ̀ máa sáré gba ibẹ̀. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ ni, yóò wá ọ̀nà mìíràn fún un.

Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà Ṣówùnmí. Àwọn tó gba iṣẹ́ rẹ̀ da ọ̀dà sí ẹnu rẹ̀ níhìn-ín, wọ́n da díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Àárín rẹ̀, bíi máìlì mẹ́rin, amọ̀ pupa ni. Ọlálẹ́yẹ gé ọ̀nà náà sí mẹ́ta lórí máàpù: ọ̀dà, ilẹ̀, ọ̀dà. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún Màmá Beatrice, wọ́n sì yìn ín pé ọmọ àwọn mọ iṣẹ́.

2.

Àfi ìgbà tí ojú kòkòrò dé. Ọlálẹ́yẹ gba ilẹ̀ ńlá kan sí ẹ̀bá ọ̀nà náà, níbi àárín tó jẹ́ amọ̀, ó fẹ́ máa gé e tà. Gbogbo oníbàárà tó bá wo fóònù rẹ̀ ń rí i pé ọ̀nà amọ̀ ni, wọn a sì yíjú padà. Ni ó bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó pè é ní ọ̀dà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá ti ń béèrè pé ta ni yóò mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀.

3.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, wọ́n pe Màmá Beatrice láti oko pé ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Ògúnníyì, ṣubú, apá kan ara wọn ti rọ, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Màmá háyà mọ́tò awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Jùbrílù ní gáréèjì Kútọ̀. Ọ̀nà Ọdẹ́dá tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbà lọ, wọ́n sì gbé Bàbá sínú ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n dé oríta kan. Jùbrílù wo fóònù, ó ní bí àwọn bá gba ọ̀nà Ṣówùnmí, máàpù ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni dé ilé ìwòsàn, ọ̀nà Ọdẹ́dá yóò sì tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n òun kò gba ibẹ̀ rí, òjò sì rọ̀ lánàá. Màmá ní kó fara balẹ̀, ọmọ àwọn ló ya ọ̀nà náà sórí máàpù. Wọ́n pè é.

"Ọlálẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọkọ̀, ara wọn ò yá rárá. Ọ̀nà Ṣówùnmí yìí, ṣebí o sọ fún mi nígbà kan pé àárín rẹ̀ ò dáa?"

Ọlálẹ́yẹ dáhùn.

"Wọ́n ti ṣe é, Mọ́mì. Ẹ máa gba ibẹ̀ bọ̀."

4.

Ọ̀dà náà dán, kò sì pẹ́ tó fi tán. Jùbrílù ní kí àwọn yí padà. Màmá ní rárá, Ọlálẹ́yẹ ní wọ́n ti ṣe é, ọ̀dà yóò tún bẹ̀rẹ̀ níwájú. Wọn kò rìn jìnnà kí táyà tó rì wọ inú amọ̀, tí kò lọ síwájú, tí kò pa dà sẹ́yìn.

Jùbrílù sáré lọ wá ẹni tí yóò bá a ti ọkọ̀. Màmá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn mú. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà: ILẸ̀ WÀ FÚN TÍTÀ, Ẹ̀BÁ TÍTÌ Ọ̀DÀ. Nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ rẹ̀. Màmá kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà. Nọ́ńbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni.

Kí àwọn èèyàn tó dé, Bàbá Ògúnníyì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

5.

Ọlálẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Màmá, ó ń sunkún. Ó jẹ́wọ́ pé àwọn oníbàárà méjì jókòó ti òun nígbà tí ìpè náà wọlé, òun kò sì lè sọ létí wọn pé amọ̀ ni ọ̀nà. Ó ní òun rò pé ọkọ̀ yóò rọ́nà gbà.

"Irọ́ tí o pa fún máàpù, mo lè fi jì ọ́," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n mo fi ẹnu ara mi bi ọ́, Ọlálẹ́yẹ. Mo sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọkọ̀."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ṣépè. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pè é lọ́mọ mọ́.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ọlálẹ́yẹ, àwọn oníbàárà sì sá. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó bọ́, ó ti tún máàpù náà ṣe: ọ̀dà, ilẹ̀, ọ̀dà. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ̀nà sórí máàpù, ibi tí ọ̀dà bá parí sí, ẹ gé e níbẹ̀. Ẹ má fi ẹnu ọ̀nà jẹ́rìí àárín rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé máàpù, ẹ bi ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí òbí fọkàn tán, bí wọ́n bá bi yín ní ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀mí, ẹ sọ òótọ́, ẹni yòówù kó jókòó tì yín. Àwọn àgbà ní irọ́ pípa kò ní kí a má lówó, ilẹ̀ dídà kò ní kí a má dàgbà. Ọjọ́ àtisùn lẹbọ.