Oyin Àna

"Oyin tí ọmọ yín ń gbé wálé láti ìgbẹ́ ọdẹ lẹ fi ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi jẹ́!"

Ìyá tó bí Àwẹ̀ró aboyún ti tú gèlè orí rẹ̀ so mọ́dìí. Ojú àna rẹ̀ ló ń nawọ́ sí, níwájú nọ́ọ̀sì, nílé ìwòsàn Igbó-Ọrà.

"Ìyá Àwẹ̀ró, èmi ni mo rí èèrà tó ń ṣù bo ibi tí ìyàwó wa tọ̀ sí," Ìyá Ọdẹ́wálé fèsì. "Èmi náà ni mo mú un wá síbí. Ṣé ẹni tó fẹ́ pa á ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó mọ ohun tó ṣe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì gbé ìgò tó fi yẹ ìtọ̀ Àwẹ̀ró wò sílẹ̀. "Màmá, oyin nìkan kọ́ ló ń fa àtọ̀gbẹ inú oyún. Oyún fúnra rẹ̀ lè máà jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ṣe yẹ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá sì ní àtọ̀gbẹ, ó tètè ń mú un. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Kò sí nínú ìran wa! Àwọn ni kí ẹ bi!"

Ìyá Àwẹ̀ró fìbínú jáde. Ìtọ̀ tún ti ń gbọ̀n ọ́n. Ó lóṣòó sẹ́yìn ilé ìwòsàn, èébú àna rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì ró ìró rẹ̀ tán tí èèrà fi tò wá láti ìdí ògiri, tí wọ́n ṣù bo ilẹ̀ tútù náà.

Ó wọ̀tún, ó wòsì. Ó fẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó padà wọlé.

"Mo ní oyin yẹn ni!"