Ìpè Màámi

"Kí ooru yìí rọlẹ̀," ni awakọ̀ takisí kan wí, ó fi ń dán an wò. Kó tó pa ẹnu dé, atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ káàkiri Dallas.

Áńgẹ́lì tí awakọ̀ náà gbé ní pápákọ̀ òfurufú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀. "Ṣé o ti wá gbà báyìí? Agbára Ọlọ́run ló wà lẹ́nu ẹ. Ohunkóhun tó o bá ní kó ṣẹ, á ṣẹ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni o, ó sì ti ń lọ."

Awakọ̀ yà sílé epo kan ní Grapevine, lẹ́bàá Dallas, ó páàkì, ó mí kanlẹ̀. Ogun ló máa kọ́kọ́ parí, lẹ́yìn náà ló máa kan ebi àti àìsàn. "Kí gbogbo ogun ayé..."

Fóònù dún. Màámi ni, láti Ìkirè.

"Má gbé e!" ni áńgẹ́lì pariwo. Ó ti gbé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Màámi, iṣẹ́ pàtàkì kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún mi, ẹ jẹ́ n pè yín padà..."

"Iṣẹ́ tuntun? Ọlọ́run, o ṣeun!" Bí àdúrà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà."

"Àmín."

Áńgẹ́lì ń nawọ́ sí aago ọwọ́ rẹ̀ kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ta ló ń gé àdúrà ìyá ẹ̀ sí méjì?

"Iṣẹ́ náà ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ láéláé!"

"Àmín o, Màámi!"

Aago áńgẹ́lì dúró gbagidi kí ìṣẹ́jú márùn-ún náà tó pé. Ó gbọ̀n ọ́n títí, kò ṣiṣẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Ọ̀gá mi," ló wí, "ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ogun lẹ́ẹ̀kan."