Ìwé Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Kọ̀ǹpútà

Ọ̀gbẹ́ni Fádèyí, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa, ló kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sórí bébà, ó sì fi ẹ̀bà lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú rẹ̀. Ìwé kún orí Fádèyí, ọgbọ́n ò ráyè wọbẹ̀. Nígbà tí mo ní kó yọ ọ́, ó fi mí rẹ́rìn-ín.

"Bàbá ọlọ́dẹ, ìwé mẹ́ta lẹ kà. Ẹ máa ṣọ́ géètì yín."

Mi ò gbàgbé.

Lálẹ́ àná, ó padà wá mú báàgì rẹ̀. A gbọ́ tí nǹkan ń tẹ kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì tí mo ti tì. Mo ṣílẹ̀kùn, kò séèyàn. Àwọn bọ́tìnì ń tẹ ara wọn. Fọ́tò àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dúró sórí Ìbídùn, ọmọ Fádèyí, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé wọn lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa nǹkan yìí!"

"Èmi oníwèé mẹ́ta? Géètì ni mò ń ṣọ́."

Kọ̀ǹpútà náà pa ara rẹ̀. Fóònù Fádèyí dún. Ìbídùn ni.

"Dádì, mo ti gbọ́ ohùn yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ yéé kanlẹ̀kùn, mo ti ń ṣí i."