Ewé Etí-Àbàtà Tí Lucien Fà Tu Tán

Ẹ fara balẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, tí iṣẹ́ yín sì ń gbé yín lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

1.
Lọ́dún 1967, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ikpinlè tó ń jẹ́ Lucien. Ilé iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ewéko gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní kí ó máa rìn káàkiri àbàtà ẹ̀yìn Adja-Ouèrè, kí ó máa kọ orúkọ ohun tó ń hù níbẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí à ń pè ní kayé. Bí ó bá rí ewé tuntun, yóò tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, yóò fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbẹ. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ má ṣì mí gbọ́.

Opó kan tó ń jẹ́ Ẹfúnwùmí ló mọ àbàtà náà bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀. Kò bímọ. Ahéré rẹ̀ wà létí omi, oko àgbàdo rẹ̀ wà níwájú ahéré, kò sì ní aládùúgbò kankan àfi lékeléke. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kí i kẹ́yìn, débi pé nígbà tí Lucien kọ́kọ́ kí i, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí.

Oṣù mẹ́fà ni Lucien fi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá á dárúkọ ewé, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì í kọ, Ìyá á fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé tó kà ní Àjàṣẹ́ kò tíì dé orí gbúre tí gbogbo ìyàwó ilé mọ̀. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

2.
Lọ́jọ́ kan, Ìyá mú un lọ síbi tí kò mú ẹnikẹ́ni dé rí. Lórí ilẹ̀ dúdú, lẹ́yìn àwọn igi ọ̀gùrọ̀, ewé kékeré kan hù tó rí bí etí ọmọ ewúrẹ́. Kò ju ogún ìdí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ewé yìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Etí-àbàtà ni wọ́n ń pè é. Kí àbàtà tó kún, omi abẹ́ ilẹ̀ ti máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ewé yìí mọ̀. Ọjọ́ tó bá yọ òdòdó funfun, ó ku bí ọjọ́ mẹ́jọ kí omi dé. Ìyá á yára kórè àgbàdo, á kó ìgèrè tó fi ń mú ẹja kúrò nínú omi. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀ ní ìran kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ han ẹnì kan kí ó tó kú. Ẹni tó bá já ewé á fi ẹrẹ̀ dí ojú ibi tó ti já a. Wọn kì í fa gbòǹgbò.

Ìyá ní, “N kò bímọ, Lucien. Ìwọ ni mo fi hàn. Já ewé tí o bá fẹ́, má fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.”

“Mo gbọ́, Ìyá. N kò ní fọwọ́ kàn án.”

3.
Lucien mú ewé kan lọ sí Àjàṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ yẹ ìwé wò títí, kò rí i. Ó ní bí Lucien bá lè mú un wá tòun ti gbòǹgbò, wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ pe ewé náà nínú ìwé àwọn onímọ̀.

Rogatien, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ń gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èmi náà á wá a lọ o. Àbàtà kì í ṣe ilé bàbá rẹ, ọ̀rẹ́.”

Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ó gún Lucien lọ́kàn. Ẹ kíyè sí ibí yìí dáadáa: ìdí ewé kan péré ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Lọ́jọ́ ọjà Ikpinlè, tí Ìyá kò sí nílé, Lucien fa gbogbo wọn tu, kí Rogatien má bàa rí ọ̀kan. Ó tilẹ̀ rántí láti fi ẹrẹ̀ dí ihò wọn, bí Ìyá ṣe kọ́ ọ.

4.
Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ewé olómi ogún ni Lucien kó sáàárín pákó tí kò yẹ kó gbà ju márùn-ún lọ. Nígbà tó tú u, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ó ti ń rùn. Kò ní ohun tí yóò fi han ọ̀gá. Wọn kò gbà á síṣẹ́ mọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Rogatien kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, “Ká ní o fi ọ̀kan sílẹ̀, à bá jọ padà lọ mú un.”

5.
Ìyá lọ wo òdòdó, ilẹ̀ lásán ló bá. Bí ó bá kórè, àgbàdo kò tíì gbó. Bí ó bá dúró, kò mọ ọjọ́ tí omi ń bọ̀. Ó dúró. Omi dé ní ìdájí, ó gbé àgbàdo, ó gbé ìgèrè, ó wó ahéré. Àwọn ará Tatonnonkon ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e jáde, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mú un lọ sí Oko-Akarè.

Lucien lọ bá a níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i. Ìyá bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kí. Lẹ́yìn náà ni ó wá ní:

“Kì í ṣe àgbàdo ló ń dùn mí. Mo ti ń rò pé bí mo bá kú, ẹnì kan á ṣì máa lọ síbẹ̀.”

Ìyá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Lucien ń lọ síbẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ń dá lọ dúró lẹ́yìn igi ọ̀gùrọ̀, ó ń wo ilẹ̀ dúdú bóyá ohun kan yóò hù. Kò sí ẹni tí Lucien lè fi ibẹ̀ hàn, nítorí kò sí ohun tí yóò fi hàn án.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Bí àgbà bá fi ọ̀nà hàn yín, ẹ má ṣe dí i mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ mú ìwọ̀n tí iṣẹ́ yín ń fẹ́, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ilẹ̀. Ẹ ka èyí fún ọmọ yín, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà. Ẹni tó bá se èbù iṣu rẹ̀ jẹ tán, kí ni yóò gbìn bí òjò bá rọ̀?