Ma Lo

"Bàámi, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù yìí. Ṣé kí n lọ?"

Másítàsì ọdún méjì ni, ní Kánádà, lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbọ́ èdè èèyàn. Ọkàn ọmọbìnrin náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn bàbá rẹ̀, òun nìkan ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, nínú yàrá kan tí wọ́n háyà ní Igbona.

Bàbá fi ọwọ́ òsì tó ṣẹ́kù tẹ ìdáhùn sórí fóònù: "Ma lo."

"Ṣé 'má lọ' ni àbí 'máa lọ'?"

Bàbá ò mi orí.

Ọmọbìnrin náà já ìwé, ó kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà, ó na bírò sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àmì ohùn sí i."

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi ṣe tíṣà Yorùbá n'Íléṣà. Ọmọ tó bá gbàgbé àmì ohùn kan péré, orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa tún un kọ nígbà ogún.

Ó gba bírò. Bírò dúró lókè ọ̀rọ̀ náà. Ó wá rọra fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ padà láìkọ nǹkan kan, ó sì kọjú sí ògiri.