Ọ̀pá Ọrùn Kẹ̀kẹ́

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe náà pòṣé, ó ju sípánà sílẹ̀.

"Bàbá Woldu, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín ò ṣe é gbé sókè! Ká ní ti àtijọ́ ni, bóòtù kan péré ni màá tú, màá sì fà á. Wọ́n ti gé ọ̀pá ọrùn eléyìí kúrú, ó parí!"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọmọ mi. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́."

"Ọ̀dẹ̀ wo ló gé e?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ní Asmara ń ṣe é."

"Orí ẹ̀ ò pé!"

Bàbá fa kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ yọ. Òrùka irin tí wọ́n gé lára ọ̀pá ọrùn kẹ̀kẹ́ náà ló so mọ́ ọn.

"Ìwọ lo fún mi. O ní kí n máa fi so kọ́kọ́rọ́, pé n ò ní nílò ẹ̀ mọ́ láyé."