Ọmọ Tí Kò Ní Ìwọ̀n

Ìgbà kẹta rèé tí yóò ku díẹ̀ kí Ìbídùnní dé orí òkè, tí yóò tún yọ̀ padà sísàlẹ̀. Orí òkè ni ilé ìwòsàn wà, ara ọmọ ọjọ́ mẹ́fà tó pọ̀n sẹ́yìn sì ń gbóná janjan. Ojú ọ̀nà ń yọ̀ bí ilá. Ẹ̀rọ ló ń ti oníkálukú gòkè, pẹ̀lú agbára tó bá ìwọ̀n tó wà nínú káàdì rẹ̀ mu.

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín ka ọmọ mọ́ mi," ó ní.

Akínwándé tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kò gbójú sókè. "Ìyá ìkókó, ẹ má bínú. Ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ ò ní káàdì, ẹni tí ò ní káàdì ò sì wúwo. Ẹ padà wá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ."

"Kò wúwo? Ta ló wá ń fà mí sẹ́yìn láti àárọ̀?"

Ìbídùnní bọ́ bàtà dídán tí òfin kàn nípá fún ẹni tó bá ń gòkè, ó jù ú sórí tábìlì Akínwándé, ó sì fẹsẹ̀ lásán gun àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àpáta náà rí gbágungbàgun, ó ń ha á látẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ̀.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, ìyá. Òfin ò gbà kéèyàn fẹsẹ̀ gòkè."

Ìbídùnní kò wẹ̀yìn. "Ẹ lọ mú àpáta," ó ní. "Òun ló gbé àwa méjèèjì láì bi mí lórúkọ ọmọ."